Ọ̀rọ̀-Ìṣe Ọmọ Ogun àti Ojú Bàbá

Ajé, 3 oṣù keje

Wọ́n ti dá ẹjọ́ mi. Nítorí pé mo wa alùpùpù mẹkáníìkì gba inú ṣọ́ọ̀bù télọ̀ kọjá (ẹnu ọ̀nà iwájú ni mo gbà wọlé, ti ẹ̀yìn ni mo gbà jáde, ẹ̀wù ìyàwó kan sì bá mi dé oríta), Mọ́mì ní mi ò gbọdọ̀ fẹsẹ̀ kan òpópónà títí ìsinmi ilé-ìwé yóò fi parí. Iṣẹ́ mi ni kí n máa kàwé fún Bàbá. Bàbá tó bí Mọ́mì ni o, ẹni tó fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ kọ́ àwọn tó fẹ́ di pásítọ̀ ní èdè Gíríkì. Ìwé tó wà nínú yàrá rẹ̀ tó láti fi sé odò.

Mo ní, "Mọ́mì, ẹ kúkú fi mí sẹ́wọ̀n."

Mọ́mì ní, "Ibẹ̀ náà nìyẹn. Wọlé."

Ìṣẹ́gun, 4 oṣù keje

Òjò láti òwúrọ̀. Páànù ń pariwo bí ẹni pé òkúta ló ń rọ̀.

Mo ti mọ ohun tí wọ́n tì mí sí. Bàbá wà nínú ìgbìmọ̀ tó ń tún Bíbélì túmọ̀. Wọ́n pín ọ̀rọ̀ tó le fún oníkálukú, ti Bàbá ni ọ̀rọ̀-ìṣe kan tó ń jẹ́ strateúomai. Ọ̀rọ̀ ogun ni. Ní ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù yìí, yóò dúró níwájú wọn, yóò sọ bó ṣe yẹ ká tú u. Ṣùgbọ́n òfin ìgbìmọ̀ náà ní ẹni tí kò bá lè fi ojú ara rẹ̀ ka ìwé kò lè jókòó pẹ̀lú wọn. Ojú ọ̀tún Bàbá ti lọ. Ti òsì ń ríran bí ẹni tó ń wo ojú pópó láti inú gíláàsì tí èéfín bò. Èmi àti Mọ́mì nìkan la mọ̀.

Mo ní kí ló dé tí kò kàn lọ sinmi. Bàbá ní ìsinmi ni orúkọ tí wọ́n ń pe ikú tí wọn ò tíì sin.

Mo bá ṣí ìwé.

Ọjọ́bọ̀, 6 oṣù keje

Gíríkì ní e méjì, ó ní o méjì. Bàbá ní ọ̀kan kúrú, ọ̀kan gùn, ó bẹ̀rẹ̀ àlàyé tí ìbá gbé wa dé ọdún tó ń bọ̀. Mo ní, "Bàbá, e àti ẹ nìyẹn. O àti ọ."

Ó ronú sí i. "Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ gan-an. Ṣùgbọ́n fi gbé e mì."

Wọ́n tún ń fi àmì sórí ọ̀rọ̀ bíi tiwa. Mo bá ń fi ohùn orin kà á: stra-te-ú-o-mai. Mọ́mì yọjú láti ilé ìdáná, ó ní ta ni mò ń kí.

Àìkú, 9 oṣù keje

Òjò. Iná ò sí. Mo ti mọ álífábẹ́ẹ̀tì wọn tán. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gbọ́ ọ ní òpópónà.

Ọjọ́rú, 12 oṣù keje

Òní ni Bàbá ṣí ọ̀rọ̀ náà fún mi. Ó ní kí ló túmọ̀ sí. Mo ní jagun.

"Ogun wà nínú rẹ̀," Bàbá wí. "Ìjà ni kò sí."

"Ogun láìsí ìjà? Ta ló ń ṣe irú ìyẹn?"

"Ṣọ́jà."

Ó ní Gíríkì ní ọ̀nà kan láàárín 'mo ṣe é' àti 'wọ́n ṣe é fún mi'. Ìṣe náà á kúrò lọ́wọ́ rẹ, á sì tún padà sára rẹ. Ó ní, "O wẹ ọmọ: ọmọ ló mọ́. O wẹ̀: ìwọ lo mọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni. Strateúō, ọ̀gágun ló ń kó àwọn èèyàn lọ sójú ogun. Strateúomai, ìwọ fúnra rẹ lo wà láàárín wọn. Ìwọ lò ń ru ẹrù, ìwọ lò ń gbẹ́ kòtò, ìwọ lò ń ṣọ́ ẹnubodè. Ó lè pé ọdún kan kí ẹnikẹ́ni tó gbá ẹnikẹ́ni létí."

Ibi méje ni ọ̀rọ̀ náà ti jáde nínú Májẹ̀mú Tuntun. Nínú méjèèje, ti ìpadàsára yìí ni. Mo ní kó dán ọ̀kan wò fún mi. Ó ní Pọ́ọ̀lù bi àwọn èèyàn pé ta ló ń ṣe é tí yóò tún máa bọ́ ara rẹ̀.

"Fi jà sí i ká gbọ́."

Mo fi sí i. "Ta ló ń jà tí yóò tún máa bọ́ ara rẹ̀?" Mo ní, "Bàbá, èmi ni. Lójoojúmọ́ ní ilé-ìwé."

Ó fi ọwọ́ lu apá àga, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́. "Ṣé o rí i? Jà kò gba ibẹ̀ wọlé. Fi ṣe ọmọ ogun sí i."

Ó gba ibẹ̀ wọlé bí ẹsẹ̀ nínú bàtà.

Ibì kan tún wà tó jẹ́ pé ìfẹ́kúfẹ̀ẹ́ ló ń ṣe é nínú ara èèyàn. Bàbá ní wọn kì í kàn ṣe ìjà níbẹ̀ kí wọ́n sì lọ. Wọ́n ti kọ́ bárékè síbẹ̀. Mo fọwọ́ kan ikùn mi. Wọ́n wà níbẹ̀ lóòótọ́.

Ẹtì, 14 oṣù keje

Ọgbọ́n dé. Àwọn aládùúgbò ra fíríìjì tuntun, mo tọrọ páálí rẹ̀. Mo gé e sí méje, mo ń kọ ibi méjèèje síbẹ̀ pẹ̀lú máàkà dúdú, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan tó sálúbàtà. Tí Bàbá bá gbé ojú òsì sún mọ́ ọn, ó ń rí i. Bó bá dé iwájú ìgbìmọ̀, yóò kà á bí ọ̀dọ́mọkùnrin. Máàkà ti wọ́n bí ẹni pé wúrà ni wọ́n pò mọ́ yíǹkì rẹ̀, mo sì ti lo mẹ́ta tán.

Mo kọ ọ́ dáadáa. Mi ò gbàgbé àmì ìsàlẹ̀ kankan. Nínú ìwé Bàbá, àwọn ẹ kan ní i, àwọn kan ò ní i. Mo rò pé ọ̀lẹ ló ń ṣe ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wọn. Olùkọ́ wa máa ń sọ pé ẹni tó kọ ẹ láìfi àmì sísàlẹ̀ kò tíì kọ nǹkan kan. Mo fi sí gbogbo wọn. Mo fi sí ọ náà.

Ìṣẹ́gun, 18 oṣù keje

Ọ̀rẹ́ mi wá sójú fèrèsé. Jẹ́jẹ́ là ń pè é, nítorí kò ṣe nǹkan kan jẹ́jẹ́ rí. Ó ní, "Kí lò ń kọ sára páálí? Ṣé o ti di wòlíì ni?" Mo ju rọ́bà ìpawérẹ́ lù ú.

Èmi àti Bàbá ń jiyàn lórí èyí tó fẹ́ràn jù nínú méje náà, ibi tí Pọ́ọ̀lù ti ń bá Tímótì sọ̀rọ̀. Bíbélì àtijọ́ ní kó ja ogun rere. Ṣùgbọ́n Gíríkì náà ṣe é bí a ṣe ń sọ pé jó ijó, kọ orin: ó ní kó ṣọ́jà ìṣọ́jà rere. Bàbá fẹ́ 'ṣe iṣẹ́ ọmọ ogun rere'. Ó ní ibòmíràn wà nínú lẹ́tà kan náà tí wọ́n pè ní ìjà rere, ti eléré ìdíje sì ni tibẹ̀, kì í ṣe ti ṣọ́jà rárá. "Wọ́n da méjèèjì pọ̀, wọ́n sọ ọ́ di ìjà àdúgbò." Ó kọjú sí mi nígbà tó sọ ìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò rí mi.

Mo ní, "Ẹ fi sìn sí i. Sin ìsìn ogun rere."

Ó ronú. "Wọ́n á gbé igbá ọrẹ jáde."

Ẹni tó ń bá Bàbá du ọ̀rọ̀ yìí nínú ìgbìmọ̀ ni Dókítà. Dókítà ìwé ni, kì í ṣe ti abẹ́rẹ́. Bàbá ló kọ́ ọ ní Gíríkì. Ó fẹ́ 'jagun' níbi gbogbo, ó ní ọ̀rọ̀ tí wọ́n máa kà sókè gbọ́dọ̀ lẹ́nu. Bàbá ní ẹnu rẹ̀ ló gùn, etí rẹ̀ ò tó o.

Àbámẹ́ta, 22 oṣù keje

Mọ́mì tún gbé ọ̀rọ̀ iṣẹ́ abẹ dé. "Bàbá, awọ lásán ló bo ojú yín. Wọ́n á ká a kúrò bí ẹni ká aṣọ fèrèsé. Ẹ jẹ́ ká lọ."

"Tí mo bá parí ọ̀rọ̀ yìí."

"Ìgbà ọ̀rọ̀ tó kọjá náà, bẹ́ẹ̀ lẹ wí."

"Ọ̀rọ̀ ò tán nílẹ̀ ni."

Mọ́mì bínú jáde. Nígbà tó ku èmi àti Bàbá, ó ní ẹ̀gbọ́n òun ọkùnrin wọ ilé ìwòsàn pẹ̀lú ojú kan tó ń ríran, ó jáde láìní kankan. "Èyí tó kù fún mi yìí, díẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n tèmi ni."

Mo ní kó jẹ́ ká ka páálí kẹta.

Ọjọ́rú, 26 oṣù keje

Ẹ gbà mí.

Gbọ̀ngàn náà ní tábìlì kan tó gùn tó pápá ọkọ̀ òfuurufú, fáànù kan sì ń ké lókè bí ewúrẹ́ tó ń rọbí. Èmi ni mo ru páálí wọlé, wọ́n ní kí n jókòó sí ẹ̀yìn Bàbá. Alága wọn jẹ́ ìyá àgbà kan tó ń hun aṣọ òtútù bó ṣe ń darí ìpàdé. Abẹ́rẹ́ rẹ̀ kì í dúró.

Bàbá sọ̀rọ̀. Mi ò mọ̀ pé ó lè sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó sọ ti wẹ̀, ó sọ ti ṣọ́jà tí kì í bọ́ ara rẹ̀, ó sọ ti àwọn ṣọ́jà tó wá bi Jòhánù létí odò pé kí ni kí àwọn ṣe. "Wọn kì í jà níbẹ̀. Wọ́n dúró, wọ́n ń béèrè ọ̀rọ̀. Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ yìí náà ni wọ́n fi pè wọ́n." Ó gbé páálí kọ̀ọ̀kan sókè, ó kà á. Àwọn kan ń mi orí sí i. Mo ti ń ronú ohun tí mo máa gbà lọ́wọ́ Mọ́mì gẹ́gẹ́ bí ẹ̀bùn.

Dókítà tún gíláàsì ojú rẹ̀ ṣe. "Ẹ ṣeun, sà. Ẹ jọ̀ọ́, ta ló kọ páálí yìí?"

"Ọwọ́ ilé mi ló kọ ọ́," Bàbá wí.

"Mo ń wo àmì ìsàlẹ̀ ni, sà. Gbogbo lẹ́tà yìí ló ní i. Nínú Gíríkì, lẹ́tà i ni àmì yẹn, wọ́n fi pamọ́ sábẹ́. Bó bá wà, ó ń yí iṣẹ́ ọ̀rọ̀ padà nínú gbólóhùn. Ibi tí ó ti yẹ kó wà kò ju ọ̀kan sí méjì lọ. Ní páálí kẹfà yẹn, wọ́n ti fi sí ibi tí kò sí Gíríkì kankan láyé tó lè gbà á."

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín. Ẹlòmíràn bá a rín in. Mo bẹ ilẹ̀ pé kó lanu. Mo bẹ̀ ẹ́ títí. Kò lanu.

Dókítà ò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi ní àmì yẹn, sà. Ẹ nà mí lórí rẹ̀. Ẹ ò lè gbé irú èyí sókè níwájú èèyàn, àfi tí ẹ ò bá rí i." Ó ti ìwé tirẹ̀ sọ́dọ̀ Bàbá, lẹ́tà inú rẹ̀ bí èèrà. "Ẹ bá wa ka ìlà kan, sà. Ìlàkílà."

Abẹ́rẹ́ Alága dúró.

Bàbá ò fọwọ́ kan ìwé náà. Ó ní, "Mi ò rí i."

Alága ní òfin kì í ṣe ọ̀tá ẹnikẹ́ni. Ìjókòó tó kàn di ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n oṣù tó ń bọ̀. Bí Bàbá bá lè kàwé lọ́jọ́ náà, àyè rẹ̀ wà níbẹ̀, wọ́n á sì dìbò lórí ọ̀rọ̀ náà. Bí kò bá lè kà á, wọ́n á fi ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀, ti Dókítà ni wọ́n á sì mú lọ.

Nínú bọ́ọ̀sì, mo ní, "Bàbá, àmì yẹn…"

Ó ní, "Ọwọ́ rẹ dára. Ó kàn jẹ́ pé Yorùbá lò ń kọ."

Ọjọ́bọ̀, 27 oṣù keje

Bàbá ò jẹun. Mo jẹ tirẹ̀ mọ́ tèmi kó má bàa ṣòfò.

Ajé, 31 oṣù keje

Mo dá iṣẹ́ sílẹ̀.

Ó ní kí n mú ìwé wá, kí n ka ìlà gbogbo fún òun kí òun há gbogbo Májẹ̀mú Tuntun sórí, kí ó lè jẹ́ pé ibi yòówù tí Dókítà bá ṣí, òun á ti mọ̀ ọ́n. Gbogbo rẹ̀! Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ó lé! Mo ní, "Bàbá, ẹ ò ní lè ṣe é. Ẹ lọ ṣe ojú yín."

"Kà á."

"Mi ò kà á. Ẹ pe Mọ́mì kí wọ́n fi mí sẹ́wọ̀n mìíràn."

Mo gba ojú fèrèsé jáde. Mọ́mì rí mi láti ojúlé, ó sì ṣe bí ẹni tí kò rí mi. Ohun tó dẹ́rù bà mí jù lónìí nìyẹn.

Ọjọ́rú, 2 oṣù kẹjọ

Oòrùn. Èmi àti Jẹ́jẹ́ jókòó sórí ògiri kúkúrú ní oríta láti àárọ̀, kò sí ohun tó dùn. Jẹ́jẹ́ ní, "Wo bàbá arúgbó kan tó ń na igi iná bọ̀." Mo wò ó. Bàbá ni. Ó ń fi ọ̀pá ta ilẹ̀, ó ti kí òpó iná kan, ó ń kí ìkejì. Alùpùpù kan yà fún un, ó bú u. Bàbá dá a lóhùn dáadáa, kò bú u, ó kàn bi í pé ta ló kọ́ ọ níwà.

Mo bẹ́ sílẹ̀, mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Ta ló mú yín jáde?"

"Ṣé o rí ẹnikẹ́ni?"

Ó jókòó sórí ògiri láàárín wa. Jẹ́jẹ́ dìde, ó kúnlẹ̀ kí i, ohun tí mi ò rí kó ṣe rí. Bàbá ń mí. Lẹ́yìn náà ó ní, "Màmá rẹ ló fẹ́ mú mi lọ. Ìgbìmọ̀ ló fẹ́ tì mí lọ. Ìwọ náà fẹ́ fi ebi ìwé lé mi lọ. Mi ò ní bá ẹnikẹ́ni lọ. Èmi ni mo máa lọ. Tú ìyẹn sí Gíríkì."

Mo mọ̀ pé -omai ti ìpadàsára ni ọ̀rọ̀ náà máa fi parí. Mi ò fẹ́ fún un ní ayọ̀ rẹ̀. Mo ní, "Ẹ máa lọ. Tí ẹ bá dé, mo máa tú u."

Jẹ́jẹ́ ní ṣé báyìí là ń ṣe nílé wa lójoojúmọ́.

Ìṣẹ́gun, 8 oṣù kẹjọ

Ojú òsì ni wọ́n ṣe. Ó wọlé láago mẹ́sàn-án. Nọ́ọ̀sì fẹ́ fi àga oníkẹ̀kẹ́ gbé e, ó ní ojú ló ń dun òun, kì í ṣe ẹsẹ̀. Mọ́mì gbàdúrà. Èmi ka gbogbo àkọlé tó wà lára ògiri ilé ìwòsàn, títí kan 'Ẹ Má Tutọ́ Sílẹ̀'.

Wọ́n gbé e jáde. Ó ń sùn. Ojú wà nínú báńdéèjì.

Ọjọ́rú, 9 oṣù kẹjọ

Wọ́n tú u. Mọ́mì ti ń sunkún sílẹ̀ de ohun tí Bàbá máa sọ. Ó yí ojú sọ́dọ̀ mi. Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, ó tún padà sí orí.

"Ṣé bí o ṣe rí nìyí?"

Mo ní kí wọ́n dá báńdéèjì padà.

Ajé, 21 oṣù kẹjọ

Gíláàsì tuntun dé. Bàbá ń kàwé láti àfẹ̀mọ́júmọ́. Kò pè mí lẹ́ẹ̀kan. Mo kọjá lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ bíi ìgbà ogún, mo ń wú ikọ́. Nígbà tó yá, ó ní bí ikọ́ náà bá ń dà mí láàmú, oògùn wà nínú dúrọ́ọ̀.

Ẹtì, 25 oṣù kẹjọ

Dókítà fúnra rẹ̀ ló wá ṣílẹ̀kùn fún Bàbá, ó dọ̀bálẹ̀. Bàbá ní, "Dìde, mú ìwé rẹ wá." Dókítà ṣí i síbi tó wù ú. Bàbá ka ìlà kan, ó ka èkejì, ó ka ojú ewé náà tán, ó ṣí ojú ewé tó tẹ̀ lé e. Alága ní, "Ó tó, Bàbá, a ti gbà." Kò gbọ́. Abẹ́rẹ́ ò dúró ní ti òní.

Àyè Bàbá wà. Wọ́n wá dìbò lórí ọ̀rọ̀ náà. Ní ibi mẹ́fà, ti Bàbá ni wọ́n mú: ṣọ́jà di ṣọ́jà, ìjà gba ilé rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ti Tímótì, èyí tí Bàbá fẹ́ràn jù, wọ́n fi ja ogun rere sílẹ̀ bó ṣe wà. Alága ní àwọn ìyá wa ti há a sórí, wọ́n ti fi sun ọmọ, wọ́n ti fi sin òkú, òun ò sì ní lè máa lọ láti ilé dé ilé gbà á lẹ́nu wọn. Dókítà náà dìbò fún Bàbá níbẹ̀. Kò tó.

Mo rò pé Bàbá máa bínú. Ó kó ìwé rẹ̀, ó kí gbogbo wọn, a wọ bọ́ọ̀sì. Ó jókòó sójú fèrèsé. Mo ń wá ọ̀rọ̀ tí mo máa fi tù ú nínú, mi ò rí. N kì í ní irú rẹ̀ lọ́wọ́.

Ló bá na ìka sí ìta. "Ta ló kọ́ ilé yẹn síbẹ̀?"

"Ó ti tó ọdún mẹ́ta, Bàbá."

"Kò dára." Ó tún sún mọ́ fèrèsé. "A Ń Tún Bàtà Ṣe. Omi Tútù Wà. Ẹ Má Ṣe Tọ̀ Síbí." Sókè ló ń kà á, pẹ̀lú ohùn tó fi ń kọ́ pásítọ̀. Àwọn èèyàn ti ń wẹ̀yìn. Mo fọwọ́ tọ́ ọ nígbá àyà. Kò gbọ́. A dé ibi tí wọ́n ti ń ta ọkọ̀ àlòkù, wọ́n kọ OKO TITA gàdàgbà sára pátákó, láìfi àmì kan ṣoṣo sí i. Bàbá dá dúró. Ó kà á jáde pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́: "Ọkọ títà."

Ìyá ọlọ́mọ kan láti ẹ̀yìn ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bi wọ́n bóyá wọ́n ń gba pàṣípààrọ̀. Mo ní ọ̀kan nílé."

Gbogbo bọ́ọ̀sì bú sẹ́rìn-ín, awakọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé wa wọ gọ́tà. Bàbá rẹ́rìn-ín ju gbogbo wọn lọ, ó nu omi lójú tuntun náà, ó sì tún kọjú síta.

Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó dákẹ́. Ibùdókọ̀ mẹ́fà ló kù ká tó délé, pátákó sì pọ̀ lójú ọ̀nà ju igi lọ.